Níbo ni eré ọkọ̀ ń lọ nígbà tí a bá tẹ bíréèkì?

Lẹ́tà mẹ́fà ni mo yàn fún ojú ewé ìbéèrè àti ìdáhùn ti oṣù yìí, gbogbo wọn ni ó sì dá lórí ohun kan ṣoṣo: àgbá irin tí ń yí, èyí tí a fi ń gba agbára tí ọkọ̀ ń sọ nù nígbà tí ó bá ń dúró. Fúláíwíìlì ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é, orúkọ yẹn náà ni èmi yóò sì máa lò.

Láti ọ̀dọ̀ awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan ní Adó-Èkìtì

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Ọ̀nà Adó sí Iléṣà ni mo ń ná. Bí mo bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní òkè Ẹ̀fọ̀n Alààyè, bíréèkì mi á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ohun tí ń jóná, mo sì ní láti dúró nísàlẹ̀ òkè kí ó tutù kí n tó máa lọ. Ọmọ mi tí ó wà ní yunifásítì ní epo tí mo ti fi owó rà ni ooru yẹn, pé irin kan sì wà tí ń yí, tí ó lè gba agbára náà padà kí ó tún fi ti ọkọ̀ síwájú. Báwo ni irin ṣe lè tọ́jú eré? Tí ó bá sì ṣeé ṣe, ṣé ó lè gbà mí lọ́wọ́ òkè Ẹ̀fọ̀n?

Ìdáhùn: Ọmọ yín kò parọ́, bàbá. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí mọ́tò kékeré kan tí ó wọn kílógíráàmù 1,500, tí ó ń sá kìlómítà 72 láàárín wákàtí kan. Agbára tí ó ti kó sára tó kílójúùlù 300, epo ni ó sì fi rà á. Nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì títí ọkọ̀ fi dúró, páàdì yóò fún irin mọ́ra, àwọn méjèèjì yóò máa ha ara wọn, gbogbo kílójúùlù 300 náà yóò sì di ooru tí atẹ́gùn ń gbé lọ. Ooru náà kì í ṣe díẹ̀, nítorí ó tó láti mú lítà omi kan dé híhó, láti bí a ṣe bù ú nínú àmù. Ìyẹn ni pé gbogbo ìgbà tí mọ́tò náà bá dúró lójijì, ìbáà jẹ́ nítorí ewúrẹ́ tàbí nítorí ọlọ́pàá, ó ti se omi lítà kan dànù. Tí eré rẹ̀ bá wá di ìlọ́po méjì, ìyẹn kìlómítà 144, lítà mẹ́rin ni yóò sè, kì í ṣe méjì, nítorí pé bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára a di ìlọ́po mẹ́rin. Bí eré bá di ìlọ́po mẹ́ta, agbára a di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Ẹ má gbàgbé ìṣirò yìí, nítorí òun náà ni yóò tún ṣàlàyé fúláíwíìlì fún wa.

Irin tí ń yí lójú kan náà ní agbára eré nínú, bí kò tilẹ̀ kúrò níbi tí ó wà. Ẹ lọ dúró sí ìdí ẹ̀rọ ìlọta tí ń lo dísẹ́lì, irú èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí kí ó tó dáhùn, ẹ ó rí àgbá irin ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Tí oníṣẹ́ bá pa á, àgbá yẹn kò ní dúró lójú ẹsẹ̀. Yóò máa yí, fúù, fúù, fúù, ohùn rẹ̀ yóò máa relẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìyá tí ó gbé ata wá yóò sì ti ru abọ́ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà kí ó tó sinmi pátápátá. Agbára tí ó ti kó pamọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ ni ó ń yí i. Àwọn ìyá wa tí ń ran òwú ti mọ àṣírí yìí tipẹ́: amọ̀ roboto tí ó wà ní ìdí igi ìrànwú ni kì í jẹ́ kí igi náà tètè dúró lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi ìka ta á.

Ní ìpìlẹ̀, fúláíwíìlì inú ọkọ̀ kò ju èyí lọ. Nígbà tí awakọ̀ bá fẹ́ dúró, dípò kí páàdì máa ha irin, a ó so ẹsẹ̀ ọkọ̀ pọ̀ mọ́ àgbá náà, kí eré ọkọ̀ lè máa ṣàn wọ inú rẹ̀: bí ọkọ̀ ti ń rọ̀ ni àgbá ń yára. Tí ó bá di àtilọ, a ó yí i padà, àgbá yóò máa rọ̀, ọkọ̀ yóò máa yára. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà so wọ́n pọ̀. Ọ̀kan ni jíà tí kò ní ìpele, tí ń yí ìwọ̀n rẹ̀ padà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, nítorí pé bí eré ẹnì kan ṣe ń sọ̀ ni ti ẹnì kejì ń gòkè. Èkejì ni iná mànàmáná: ẹsẹ̀ ọkọ̀ yóò yí ẹ̀rọ amúnáwá, iná tí ó bá ti ibẹ̀ jáde yóò sì ta àgbá. Ti àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé ìyípo ni ó wọlé, ìyípo náà ni ó sì jáde. Gbogbo ibi tí agbára bá ti pààrọ̀ àwọ̀ ni oníbodè ti ń gba tirẹ̀.

Ní ti òkè Ẹ̀fọ̀n, mi ò ní fi ẹnu dídùn tàn yín. Fúláíwíìlì kì í ṣe táńkì ńlá. Tí a bá mú irú èyí tí ó lè gba kílójúùlù 400, tí a gbé e sínú mọ́tò kílógíráàmù 1,500 yẹn kan náà, tí a sì ní kí òun nìkan máa dá a dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mọ́tò náà kò ní tíì sọ̀ ju nǹkan bí mítà 27 lọ láti orí òkè kí àgbá tó kún. Lórí òkè tí ó ga tó mítà 200, agbára tí ó ń wá ibi tí yóò wọ̀ sí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílójúùlù 3,000, bọ́ọ̀sì yín tí ó kó èrò àti ẹrù sì ju ìyẹn lọ dáadáa. Àgbá yóò kún, páàdì yóò sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Jíà kékeré ni ó wúlò fún yín níbẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ lè máa fà yín sẹ́yìn, kí ẹ sì ti wọ jíà náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, kì í ṣe ìgbà tí bíréèkì bá ti ń rùn. Ibi tí fúláíwíìlì ti ń jèrè ni ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró, tí ó tún ń lọ, tí ó tún ń dúró, láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì. Ó mọ agbára gbà kíákíá, ó mọ̀ ọ́n dá padà kíákíá, ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n tọ́jú pẹ́.

Láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, Abẹ́òkúta

Olóòtú wa, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àbúrò bàbá mi tí ó ṣòwò dé Kóńgò máa ń sọ fún wa pé òun wọ bọ́ọ̀sì kan níbẹ̀ tí kò mu epo, tí kò sì ní okùn iná lórí. Ó ní yóò kàn na ìwo mẹ́ta sókè ní ibùdókọ̀, yóò mu nǹkan fún ìgbà díẹ̀, yóò sì máa lọ. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti di olóògbé báyìí. Ṣé àlọ́ ni ó pa fún wa, àbí mo jẹ ẹ́ ní ẹ̀bẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ ẹ́ ní ẹ̀bẹ̀, sà. Bọ́ọ̀sì náà wà, ìwo mẹ́ta náà sì wà.

Gyrobus ni wọ́n ń pè é. Ilé-iṣẹ́ Oerlikon ní orílẹ̀-èdè Switzerland ni ó ṣe é ní àwọn ọdún 1940, fún àwọn ọ̀nà tí èrò kò pọ̀ tó èyí tí ènìyàn lè torí rẹ̀ na okùn iná láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Oṣù kẹwàá ọdún 1953 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàárín ìlú Yverdon-les-Bains àti Grandson. Àgbá irin kan ni ó wà nínú rẹ̀, ó wọn nǹkan bí tọ́ọ̀nù kan àbọ̀, fífẹ̀ rẹ̀ láti etí kan dé èkejì jẹ́ mítà 1.6, ó sì lè yí ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Tí bọ́ọ̀sì bá dé ibùdókọ̀ tí wọ́n ti ri òpó iná mọ́lẹ̀, yóò na ọ̀pá mẹ́ta tí ó wà lórí òrùlé rẹ̀ sókè kan òpó náà, iná yóò wọlé, yóò sì máa ta àgbá fún bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ọ̀pá yóò sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀rọ kan náà tí ó ta àgbá yóò wá di amúnáwá, yóò máa fa agbára inú àgbá jáde láti fi yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Tí ó bá ti yó, ó lè rin nǹkan bí kìlómítà mẹ́fà lórí ilẹ̀ títẹ́jú kí ó tó tún mu. Nígbà tí awakọ̀ bá sì ń dúró, apá kan nínú eré ọkọ̀ yóò padà sínú àgbá, èyí tí í ṣe ọ̀rọ̀ wa gan-an.

Ìlú tí àbúrò bàbá yín ti rí i ni Léopoldville, tí à ń pè ní Kinshasa lónìí, níbi tí wọ́n ti ní ọkọ̀ 12 lórí ọ̀nà mẹ́rin, pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti ń mu iná ní nǹkan bí kìlómítà méjì-méjì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 10.4, ó wọn tọ́ọ̀nù 10.9, ó sì lè kó èrò 90. Àwọn awakọ̀ a máa gba ọ̀nà àbùjá tí kò ní ọ̀dà, tí òjò bá sì ti rọ̀, ọ̀nà bẹ́ẹ̀ a di ẹrẹ̀ lásán. (Ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ èrò ní ìlú wa kò ní bi mí pé kí ló gbé wọn débẹ̀.) Bẹ́árìn tí ó gbé àgbá dúró ń fọ́, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì ń yọ ẹ̀rọ iná lẹ́nu. Síbẹ̀, kì í ṣe ẹrẹ̀ ni ó pa á. Iná ni: kílówáàtì-wákàtí 3.4 lórí kìlómítà kan ṣoṣo, èyí tí ilé-iṣẹ́ tí ó ni ọkọ̀ náà rí i pé apá àwọn kò ká, nítorí náà wọ́n pa á tì ní ọdún 1959, bọ́ọ̀sì dísẹ́lì sì gba ipò rẹ̀.

Ìlú Ghent ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù náà dán an wò láti ọdún 1956 sí 1959. Níbẹ̀, kílówáàtì-wákàtí 2.9 ni ó ń jẹ lórí kìlómítà kan, nígbà tí ọkọ̀ tráàmù tí ń kó èrò jù ú lọ ń jẹ 2.0 sí 2.4. Ti Yverdon dúró di ọdún 1960. Nínú gbogbo wọn, ọ̀kan tí ó ti Ghent wá ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ ní ìlú Antwerp.

Kí ló dé tí ó fi ń jẹ iná tó bẹ́ẹ̀? Àgbá kò mọ̀ pé bọ́ọ̀sì ti dúró. Èrò lè máa sọ̀ kalẹ̀, awakọ̀ lè máa ka owó, àgbá tọ́ọ̀nù kan àbọ̀ yẹn ń yí, bẹ́árìn ń jẹ nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ó yí i ká sì ń jẹ nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ ọmọ ní ìṣirò rí, ẹ fi kún un pé agbára náà gba ẹnu ibodè méjì kọjá, láti iná sí ìyípo, láti ìyípo padà sí iná, ẹ sì fi kún un pé ọkọ̀ ń ru àgbá náà kiri bí ẹrù.

Mo tún fẹ́ sọ ohun kan tí ẹ kò bi mí. Wọ́n dùbúlẹ̀ àgbá náà bí àtẹ ni, tí igi tí ó ń yí lórí rẹ̀ dúró ṣánṣán. Ẹni tí ó bá ti ta òkòtó rí mọ̀ pé nígbà tí ó bá ń ràn dáadáa, kò fẹ́ kí ohunkóhun yẹ̀ ẹ́ nídìí. Tí ẹ bá fi ìka tì í, yóò yẹ̀ síbì kan tí ẹ kò tì í sí. Àgbá wíwúwo tí ń yí náà nìyẹn. Tí wọ́n bá gbé e dúró bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀sì bá fẹ́ yà sí ọ̀tún tàbí sí òsì ni òkòtó náà yóò máa bá awakọ̀ du ọkọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí igi rẹ̀ dúró ṣánṣán, ọkọ̀ lè yà sí ibi tí ó bá wù ú láìyẹ igi náà.

Láti ọ̀dọ̀ ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Òṣogbo

Ẹ jọ̀wọ́, ohun tí ń yí tó bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ tí ọmọ ènìyàn jókòó sí, ṣé kò lè já kó pa èèyàn?

Ìdáhùn: Ẹ̀rù yín tọ́, ìyá, àwọn tí ń ṣe é náà ń bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ wo èyí tí Volvo dán wò nínú ọkọ̀ S60, tí wọ́n sì kéde àbájáde rẹ̀ ní ọdún 2013. Àgbá náà wọn kílógíráàmù mẹ́fà péré, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, ẹ lè gbé e sórí àwo oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ó ń yí ìgbà 60,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀, etí àgbá náà ń sá mítà tí ó lé ní 600 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí ohùn ènìyàn nínú afẹ́fẹ́ kò sá ju nǹkan bí mítà 340 lọ. Ohun tí ó wúwo tó gíráàmù kan ṣoṣo, bíi hóró àgbàdo mẹ́ta, tí ó bá wà ní etí rẹ̀, yóò máa fa àgbá náà síta bí ẹrù kílógíráàmù 400.

Ìdí tí wọ́n fi jẹ́ kí ó kéré tí ó sì ń yára ni ìṣirò tí mo sọ fún awakọ̀ wa lókè: tí ìwọ̀n bá di ìlọ́po méjì, agbára di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n tí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà ẹni tí kò fẹ́ ru ẹrù yóò máa wá eré. Irin lásán kò sì lè gba irú eré bẹ́ẹ̀. Fọ́nrán káábọ̀nù ni wọ́n ń wé bí òwú títí yóò fi di àgbá. Àǹfààní kejì fọ́nrán náà ni pé tí ó bá bàjẹ́, ó sábà máa ń tú di fùlùfúlù àti eruku nínú ìkòkò líle tí wọ́n gbé e sí, nígbà tí irin a já sí kélekèle tí ń fò bí ọta. Wọ́n sì ń fa afẹ́fẹ́ inú ìkòkò náà jáde, nítorí pé etí tí ó ń sá ju ohùn lọ yóò gbóná nínú afẹ́fẹ́, yóò sì fi agbára ṣòfò.

Ìkòkò ni ààbò yín, kì í ṣe àgbá. Ohun tí mo máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ tà á fún mi nìyẹn.

Láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ ǹlẹ́ sà. Mo kà pé ọkọ̀ eré ìje lo fúláíwíìlì, ó sì borí. Kí ló wá fà á tí a kò fi rí i nínú mọ́tò tí wọ́n ń tà, tó fi jẹ́ pé bátìrì ni gbogbo ọkọ̀ tí ń gba agbára bíréèkì padà ń lò?

Ìdáhùn: Ọdún 2009 ni àwọn aláṣẹ Formula 1 gbà kí ọkọ̀ máa gba agbára bíréèkì padà, wọ́n sì fi ààlà sí i: kílówáàtì 60, àti kílójúùlù 400 ní ìyípo pápá kan. Ìyẹn jẹ́ àfikún agbára fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà àti díẹ̀. Jon Hilton àti Doug Cross, tí àwọn méjèèjì ti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Renault, dá Flybrid sílẹ̀, wọ́n sì ṣe fúláíwíìlì tí ó ń lo jíà aláìnípele. Williams, ẹgbẹ́ eré ìje kan, ṣe tirẹ̀ tí ó gba ọ̀nà iná. Síbẹ̀, kò sí ìkankan nínú méjèèjì tí ó wọ ìdíje Formula 1 lọ́dún náà. Bátìrì ni ó wà nínú ọkọ̀ McLaren tí Lewis Hamilton fi gba ipò kìíní ní Hungary, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀.

Pápá mìíràn ni fúláíwíìlì Williams ti rí ojúure. Ní ọdún 2010, wọ́n gbé e sínú Porsche 911 GT3 R Hybrid fún eré wákàtí 24 ní Nürburgring. Ọkọ̀ náà ni ó wà níwájú nígbà tí ó ku ohun tí kò tó wákàtí méjì kí eré parí, ni nǹkan bá kú. Ẹ́ńjìnnì epo ni ó kú, kì í ṣe àgbá. Ní ọdún 2012, Audi R18 e-tron quattro gba eré Le Mans, ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí ó ní agbára méjì, epo àti iná, tí yóò gbà á, ó sì tún gbà á ní ọdún 2013 àti 2014. Nínú ọkọ̀ yẹn, àgbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ó ń gba agbára láti ẹsẹ̀ iwájú nígbà bíréèkì, ó sì ń dá a padà fún ẹsẹ̀ iwájú kan náà tí ó bá ń jáde ní kọ́nà. Eré Le Mans bá a mu: bíréèkì líle, kí agbára sì jáde lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, fún wákàtí 24 gbáko. Bátìrì ìgbà náà a máa gbóná tí a bá ń rọ agbára sínú rẹ̀ lójijì bẹ́ẹ̀, ó sì ń gbó. Àgbá kì í ka iye ìgbà tí a ti rọ nǹkan sínú rẹ̀.

Ìdáhùn ìbéèrè rẹ wà nínú ohun tí Audi fúnra rẹ̀ ṣe ní ọdún 2016: ó yọ àgbá, ó fi bátìrì lítíọ̀mù sí i. Bátìrì ti dára sí i láàárín ọdún díẹ̀ yẹn, ààlà agbára tí òfin gbà láàyè sì ti ga sí i. Nínú mọ́tò ojú pópó, ọ̀ràn náà tún burú fún àgbá. Tí o bá gbé mọ́tò sílẹ̀ ní alẹ́, àgbá yóò ti ṣófo kí ilẹ̀ tó mọ́. Bátìrì yóò wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Bátìrì lè gba iná láti ara ògiri, ó lè wa ọkọ̀ ní kìlómítà púpọ̀ láìsí epo, ó lè tan redíò àti ẹ̀rọ atútù nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú. Nítorí náà, kò wọ inú ọkọ̀ nítorí bíréèkì nìkan. Ó ti ní iṣẹ́ níbẹ̀, gbígba agbára bíréèkì wá di ẹ̀bùn tí ó bá iṣẹ́ náà wá. Fúláíwíìlì ní iṣẹ́ kan ṣoṣo, ó sì ní láti san owó àyè rẹ̀, owó ìkòkò rẹ̀, àti owó jíà rẹ̀ láti inú iṣẹ́ kan ṣoṣo náà. Volvo ní ti òun lè dín epo kù tó ìdá kan nínú mẹ́rin, ó sì ń fi nǹkan bí agbára ẹṣin 80 kún ti ẹ́ńjìnnì, síbẹ̀ wọn kò gbé e dé ọjà. Mo gbà pé èrò náà dára. Àkókò rẹ̀ ni ó bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn.

Láti ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ọmọ Ìjẹ̀bú kan ní ìlú Stourbridge, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Rélùwéè kékeré kan tí kò gùn ju bọ́ọ̀sì lọ ni mo máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ẹnìkan sọ pé fúláíwíìlì nìkan ni ó ń wà á. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ó kù díẹ̀ kí ó jẹ́ òótọ́. Class 139 ni ọkọ̀ yín, méjì péré ni wọ́n ṣe, ilé-iṣẹ́ Parry People Movers ni ó sì ṣe wọ́n. Ẹ́ńjìnnì kékeré kan láti ọ̀dọ̀ Ford wà nínú rẹ̀ tí ń lo gáàsì, irú gáàsì tí a fi ń dáná. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì náà kéré ju ohun tí ó yẹ kí ó lè gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dìde fúnra rẹ̀ dáadáa. Àgbá irin kan tí ó wọn nǹkan bí kílógíráàmù 500, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà kan, ni ó ń ràn án lọ́wọ́: ẹ́ńjìnnì ń ta á díẹ̀díẹ̀, bíréèkì ń dá eré padà sínú rẹ̀, nígbà tí ó bá sì di àtilọ, àgbá ni ó ń tì í. Láti ọdún 2009 ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ láàárín Stourbridge Junction àti Stourbridge Town.

Ọ̀nà náà kò ju kìlómítà kan àti díẹ̀ lọ, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ìyẹn nígbà mìíràn tí ẹ bá wọ̀ ọ́. Ó gbéra, ó sáré díẹ̀, ó dúró. Ó yí padà, ó gbéra, ó dúró. Kò sí òkè Ẹ̀fọ̀n níbẹ̀, kò sí ọ̀nà àbùjá, kò sí ẹni tí ó ní kí àgbá tọ́jú agbára di ọ̀la. Irin lásán tí kò yára ni wọ́n lò, kò sí fọ́nrán káábọ̀nù, ó sì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ju gbogbo gyrobus lọ. Èrò yìí kan náà ni ó wà lẹ́yìn ohun tí GKN, ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ẹ̀yà ọkọ̀, ṣe ní ọdún 2014, nígbà tí ó ra ẹ̀ka tí ń ṣe fúláíwíìlì lọ́wọ́ Williams, tí ó sì bá Go-Ahead, ilé-iṣẹ́ tí ń fi bọ́ọ̀sì kó èrò, ṣe àdéhùn láti fi fúláíwíìlì 500 sínú bọ́ọ̀sì ìlú: láti pápá ìje sínú bọ́ọ̀sì tí ń dúró ní gbogbo ibùdókọ̀.

Láti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan, Mushin

Ọ̀gá Olóòtú, fúláíwíìlì tí ẹ ń sọ yìí, mo ń tú u lára ẹ́ńjìnnì ní ọjọ́ gbogbo. Tí mo bá fi èyí tí ó wúwo jù rọ́pò rẹ̀ nínú dánfó, ṣé kò ní máa gba agbára bíréèkì padà?

Ìdáhùn: Rárá, ọ̀gá mi. Orúkọ kan náà ni, iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Èyí tí ẹ ń tú wà lára ẹ́ńjìnnì, ó sì ń yí ní ìwọ̀n eré ẹ́ńjìnnì nígbà gbogbo. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú ẹ́ńjìnnì kọjá láàárín ìgbà tí iná bá sọ nínú sílíńdà kan àti ìgbà tí yóò sọ nínú òmíràn, kí ó má baà máa fò bí ẹni tí ń sọ òsúkè. Kò lè yára nígbà tí ọkọ̀ ń rọ̀, nítorí jíà ti so òun àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ pọ̀: tí ọkọ̀ bá rọ̀, òun náà á rọ̀. Èyí tí ń gba agbára bíréèkì gbọ́dọ̀ lè yára ní àkókò náà gan-an tí ọkọ̀ ń rọ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi ń fẹ́ jíà aláìnípele tirẹ̀ tàbí ẹ̀rọ iná tirẹ̀. Tí ẹ bá fi èyí tí ó wúwo sí dánfó, ohun tí ẹ ó rí ni ọkọ̀ tí kò tètè gbéra tí kọ̀ńdọ́ bá ti lu ara ọkọ̀ pé kí ó máa lọ.